Àwọn àgbẹ̀ ń ṣí ìkànnì wa, síbẹ̀ fóònù ni wọ́n fi ń béèrè ohun tó wà níbẹ̀

Ẹni tó kọ̀wé sí wa jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ní agbègbè Òkè-Ògùn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ṣe ìkànnì kan sórí ayélujára ní èdè Yorùbá lọ́dún tó kọjá, àti pé ohun tí àgbẹ̀ ní láti mọ̀ nípa ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti iṣu wà níbẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Àwọn èèyàn ń ṣí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Èyí tó dùn ún jù ni pé ẹni tó ṣí ìkànnì náà láàárọ̀ ni yóò tún pè é lórí fóònù lọ́sàn-án láti béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ síbẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: "Ṣé àwọn èèyàn wa ni kò fẹ́ kàwé ni, àbí ìkànnì wa ni kò dára? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà. Mo ṣí ìkànnì náà lórí fóònù mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì yìí, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ gba àwọn àgbẹ̀ yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra dátà, tó ṣí ìkànnì yín, tó sì tẹ bọ́tìnnì bíi mẹ́ta kó tó jáde kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ẹni tó kórìíra ìwé. Ó wá nǹkan, kò rí i, ó sì ṣe ìṣirò kan lọ́kàn láàárín ìṣẹ́jú kan péré, èyí tó sọ fún un pé kí òun pè yín yá ju kí òun máa wá a kiri lọ. Ìṣirò náà tọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ kó yí padà, àfi kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣe é.

Àwọn onímọ̀ méjì kan, Peter Pirolli àti Stuart Card, tí wọ́n ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí Xerox ní Palo Alto ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé ìṣirò yìí tó yé mi jù lọ. Ní ọdún 1999, wọ́n kọ ọ́ jáde pé ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wá ìmọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọ̀nà tí ẹranko ń gbà wá oúnjẹ nínú igbó. Ẹranko kì í tú gbogbo igbó wò. Ó ń fi agbára tí yóò ná wé oúnjẹ tó ṣeé ṣe kó rí, ohun tó sì ń tọ́ ọ sọ́nà ni òórùn. Lórí ayélujára, òórùn yẹn ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sára bọ́tìnnì, àkọlé ojú ewé, àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ìlà méjì tí Google máa ń fi hàn lábẹ́ orúkọ ìkànnì. Kò sí ẹni tó lè rí ohun tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì kó tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ nìkan ló fi ń méfò.

Ẹni tó bá ti bá ọdẹ wọgbó rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Bí òórùn ẹran bá ń le sí i ní gbogbo ìṣísẹ̀, ajá á máa lọ láìwẹ̀yìn. Bí òórùn náà bá rẹ̀ sílẹ̀, ajá á dúró, á gbé imú sókè, á yí lọ yí bọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà á padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í bú ajá nígbà náà. Ibi tí ipa ẹran ti já ló máa ń lọ wò. Ohun tí mo ṣe lórí ìkànnì yín nìyẹn.

Mo fi ara mi sípò àgbẹ̀ kan tí ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń kákò, tí ewé náà sì ń pọ́n rúsúrúsú níbì kan níbì kan, tí kò mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Fọ́tò àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ níbi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ló gba gbogbo ojú fóònù mi, mo sì ní láti fà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kan ọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì márùn-ún ló wà níbẹ̀: Nípa Wa, Ìròyìn, Ètò Wa, Ohun Èlò, Àwòrán. Èwo nínú wọn ló ní òórùn ewé ẹ̀gẹ́? Mo tẹ Ìròyìn, kò sí níbẹ̀. Mo tẹ Ètò Wa, ètò ẹ̀yáwó ni mo bá. Nígbà tí mo tẹ Ohun Èlò, mo rí Ìwé Ìtọ́nisọ́nà, mo tẹ ìyẹn náà, ó sì gbé fáìlì PDF kan wá tó jẹ́ ojú ewé 46, tó jẹ́ pé fọ́tò ìwé títẹ̀ ni wọ́n yà sínú rẹ̀. Ojú ewé 31 ni ọ̀rọ̀ ewé tó ń kákò wà. Àlàyé ibẹ̀ dára púpọ̀. Ó sọ pé àrùn mòsáìkì ni, pé kòkòrò funfun wínníwínní tó máa ń wà lábẹ́ ewé ló ń gbé e kiri, pé bí a bá gé igi ẹ̀gẹ́ tó ti ní àrùn náà gbìn, a ti gbin àrùn nìyẹn, àti pé èyí tó bá ti mú kò ní ìwòsàn, àfi kí a fà á tu kí a sì wá igi tó mọ́. Èmi tí mò ń fi irú iṣẹ́ yìí jẹun ló dé ibẹ̀ o, mo sì ń bẹ lábẹ́ fáànù. Àgbẹ̀ tó dúró sáàárín oko nínú oòrùn ọ̀sán, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀, kò lè dé ibẹ̀. Àpótí àwárí tí ẹ fi sórí ìkànnì náà kò sì lè ràn án lọ́wọ́, nítorí kò lè ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú fọ́tò.

Onímọ̀ mìíràn, Eric Charnov, ti ṣàlàyé ní ọdún 1976 pé kì í ṣe ìgbà tí èso bá tán lábẹ́ igi ni ẹranko ń kúrò níbẹ̀, bí kò ṣe ìgbà tí ohun tó ń rí níbẹ̀ bá ti kéré sí ohun tó lè máa rí bó bá lọ síbòmíràn. Bí ibòmíràn bá sún mọ́, kì í pẹ́ kó tó lọ; bó bá jìnnà, á ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Ẹ fi èyí wo àwọn àgbẹ̀ yín. Ibòmíràn tó sún mọ́ wọn jù kì í ṣe ìkànnì ẹlòmíràn. Ẹ̀yin gan-an ni. Nọ́ńbà yín wà lórí fóònù wọn, ẹ máa ń gbé ìpè, ẹ mọ oko wọn, ẹ sì ń dáhùn láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, èèyàn la sì ti ń bi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. N kò ka ìyẹn sí àléébù rárá. Ìkànnì tí yóò wúlò fún wọn ni èyí tó bá ń dáhùn bí ẹ ṣe ń dáhùn lórí fóònù, tó ń lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi béèrè, tó sì ń sọ èsì kó tó máa ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi béèrè yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ní ọdún 1987, George Furnas àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn pe oríṣiríṣi nǹkan ní orúkọ tó bá wá sí wọn lọ́kàn, wọ́n sì rí i pé bí a bá mú èèyàn méjì, ìgbà tí àwọn méjèèjì yóò pe nǹkan kan náà ní orúkọ kan náà kò tó 20 nínú 100. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ẹni tó ń ṣe irinṣẹ́ yé wá orúkọ kan ṣoṣo tó dára jù, kí ó kúkú gba gbogbo orúkọ tí àwọn èèyàn ń lò wọlé. Ohun tí ẹ pè ní ẹ̀gẹ́, gbágùúdá ni lẹ́nu ẹlòmíràn, pákí ni lẹ́nu ẹlòmíràn. Àgbàdo yín ni yangan àwọn kan. Ẹ kọ "ajílẹ̀", "fàtíláísà" ni àgbẹ̀ ń wá. Ẹ kọ "èròjà apakoríko", "kẹ́míkà" ni òun fi ń rà á lọ́jà. Kò sí èyí tó ṣì sọ nínú wọn. Ẹ yan ọ̀kan fún àkọlé, kí ẹ sì rí i pé àwọn yòókù wà nínú ìlà àkọ́kọ́ ojú ewé náà: "Ẹ̀gẹ́, tí àwọn kan ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí." Gbólóhùn kan yẹn á ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń kà á, fún Google, àti fún àpótí àwárí yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ tún rántí pé ìbéèrè tí èèyàn kọ kọ́ ni ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀. Robert Taylor, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ilé ìkàwé, kọ nípa èyí ní ọdún 1968, nígbà tó ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé: ẹni tó wá ti gé ìbéèrè rẹ̀ kù, ó ti gé e ṣe ìwọ̀n ohun tó rò pé wọ́n lè dáhùn. Ẹni tó kọ "ege" nìkan sínú àpótí àwárí kò fẹ́ ìtàn ẹ̀gẹ́. Lórí fóònù, ẹ ó bi í pé, "Kí ló ṣe é? Ṣé ewé ni àbí iṣu rẹ̀? Oṣù mélòó ló ti lò nílẹ̀?" Ojú ewé tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn bá gbé e lọ gbọ́dọ̀ bi í bẹ́ẹ̀ náà: ewé rẹ̀ ń kákò, iṣu rẹ̀ ń jẹrà nínú ilẹ̀, mo fẹ́ mọ ìgbà tí a ń gbìn ín, mo ń wá igi tó dára rà.

Ọ̀ràn tó ń dùn mí jù lọ, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìkànnì fún wa kò sì kà sí, ni ti àmì orí ọ̀rọ̀. Ẹ kọ Yorùbá yín dáadáa, ẹ fi àmì sí i lókè àti lábẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ̀wé lórí fóònù kì í sábà fi àmì kankan sí i. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó ti ìyá kan tó ń dáko ẹ̀gẹ́, tí a ní kó bá wa dán ìkànnì iléeṣẹ́ kan wò. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò kan kọ "ewe ege", ó tẹ̀ ẹ́, ìkànnì náà sì fèsì pé òun kò rí nǹkan kan. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú, ó rò pé òun ló ṣì í kọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ gbà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ bá mi wá a." Ojú ewé méje nípa ewé ẹ̀gẹ́ ló wà lórí ìkànnì náà. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀ pé "ege" àti "ẹ̀gẹ́" jẹ́ ohun kan náà, ìyá náà sì gbà pé àìmọ̀wé òun ló fà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi títí di òní.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti ṣàlàyé. Lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni e, ẹ àti é. Kò tán síbẹ̀. Nínú ètò Unicode, tí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní; ńṣe ni a ní láti to ẹ àti àmì òkè pọ̀. A sì tún lè mú é kí a fi àmì ìsàlẹ̀ kún un, tàbí kí a to e lásán, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè tẹ̀ léra. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà lójú wa, wọ́n sì yàtọ̀ síra pátápátá lójú ẹ̀rọ, débi pé ẹni tó fara balẹ̀ kọ gbogbo àmì rẹ̀ pé lè wá "ẹ̀gẹ́" kó má sì rí "ẹ̀gẹ́". Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣe ìkànnì pé kó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo kó tó tọ́jú rẹ̀, àti èyí tó wà lójú ewé àti èyí tí èèyàn kọ sínú àpótí. Unicode ní ìlànà fún un, NFC ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Lẹ́yìn èyí, kó ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí a ti bọ́ gbogbo àmì kúrò lára rẹ̀, kí àpótí àwárí máa wá inú ẹ̀dà yẹn, nígbà tí ojú ewé tí èèyàn ń kà yóò ṣì gbé àmì rẹ̀ bó ti yẹ.

Mo mọ̀ pé bíbọ́ àmì ní wàhálà tirẹ̀. Lórí ìkànnì àgbẹ̀, ẹni tó kọ "oko" lè máa wá oko tí a ń dá, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń roko, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ tí yóò kó irè wálé. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ mú ọ̀kan kó sì fi ìyókù pamọ́. Kó kó wọn jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú àmì wọn: oko dídá, ọkọ́ àti irinṣẹ́, ọkọ̀ ìkérè. Ẹni tó ń wá nǹkan á mọ tirẹ̀ bó bá ti fojú kàn án, nítorí ó rọrùn kí èèyàn dá ọ̀rọ̀ mọ̀ ju kó kọ ọ́ pé lọ. Bí ẹnì kan bá sì kọ àmì rẹ̀ pé, kí èyí tó bá a mu rẹ́gí wà lókè pátápátá.

Àwọn àkọlé yín náà ń fẹ́ àtúnṣe. Ní ọdún 2006, Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń lo ìkànnì, ròyìn ìwádìí kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ tọpa ojú èèyàn 232 bí wọ́n ṣe ń ka ojú ewé lórí ayélujára. Ojú wọn gba orí ìlà bíi méjì àkọ́kọ́ kọjá, lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì sọ̀ kalẹ̀, kò sì kan púpọ̀ nínú ohun tó wà lápá ọ̀tún. Lórí ìkànnì yín, mo ka àkọlé mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àwọn ohun tó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀ nípa". Ẹni tí ojú rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ òsì sọ̀ kalẹ̀ yóò rí Àwọn, Àwọn, Àwọn, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Èdè wa fún wa láàyè láti gbé ohun tó jẹ wá lógún síwájú, a sì ń ṣe é lẹ́nu lójoojúmọ́. "Ewé ẹ̀gẹ́ tó ń kákò: ohun tó ń fà á." "Igi ẹ̀gẹ́: bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó mọ́." Irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ní òórùn láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Bí àgbẹ̀ bá wá dé ojú ewé tó tọ́, kò tíì parí. Marcia Bates, olùkọ́ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles, kọ ọ́ ní ọdún 1989 pé èèyàn kì í sábà rí gbogbo ohun tó ń wá lójú kan. Ó ń mú díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ìbéèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń yí padà bó ṣe ń lọ. Òun fi í wé kíká èso wẹ́wẹ́ nínú igbó. Èmi á fi í wé ìgbín ṣíṣà lẹ́yìn òjò alẹ́: ẹyọ kan lábẹ́ ewé yìí, ẹyọ kan lára igi tó ti wó, èyí tí a bá rí ló sì ń sọ ibi tí a ó tan iná sí tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ tó wá nítorí ewé tó ń kákò, bó bá ti kà á pé kò ní ìwòsàn, ìbéèrè rẹ̀ ti di mìíràn nìyẹn: ṣé gbogbo oko ni kí n fà tu ni, níbo ni mo ti máa rí igi tó mọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó mọ́ lóòótọ́? Àwọn ìbéèrè yẹn ló yẹ kó wà nísàlẹ̀ ojú ewé náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣeé tẹ̀. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, "Ẹ ṣeun tí ẹ bẹ̀ wá wò" ló wà níbẹ̀.

Ní ti ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì pe ẹni tó ṣe ìkànnì. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ìbéèrè tó bá wọlé sínú rẹ̀, bí ẹni tó pè ṣe sọ ọ́ gan-an, láìtún Yorùbá rẹ̀ ṣe. Ìpè tó ń dà yín láàmú yìí ni ohun tó níye lórí jù lọ tí ẹ ní. Ìbéèrè tó bá wá jù ni yóò gba ojú ewé àkọ́kọ́, ní ipò tí fọ́tò àwọn aláṣẹ wà. Mo mọ̀ pé èyí lè dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ẹ fi ìwé yẹn han àwọn àgbà, kí ẹ sì gbé fọ́tò wọn lọ sí Nípa Wa.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ bí ọgbọ̀n nínú àwọn ìbéèrè náà sórí ègé pépà, ọ̀kan sórí ègé kan. Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ kó wọn fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n to àwọn tó bá jọra pọ̀, kí wọ́n sì fún ìtò kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Orúkọ tí wọ́n bá fún wọn ni kí ẹ fi rọ́pò Ohun Èlò àti Ètò Wa. Bọ́tìnnì yín lónìí tẹ̀ lé bí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ṣe pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, àgbẹ̀ kò sì mọ ìgbìmọ̀ kankan. Ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ohun tí a ń tà ni a fi ń pe ìsọ̀. Ẹni tó ń wá ata kì í béèrè orúkọ ẹni tó ni ìsọ̀.

Bí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ jókòó ti èèyàn márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan lójú yín, lórí fóònù tiwọn. Nielsen ní èèyàn márùn-ún tó láti rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìṣòro, ìrírí mi sì bá a mu, bí kì í bá ṣe ọ̀dọ́ tó kàwé ni gbogbo wọn. Ẹ mú ìyá àgbà kan mọ́ wọn. Kí ẹ ká ọwọ́ lẹ́yìn, kí ẹ má sì tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà. Ibi tí ọwọ́ wọn bá ti dúró ni ipa ti já.

Ẹ má fi iye èèyàn tó ṣí ìkànnì mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Fóònù yín ni kí ẹ fetí sí. Ìpè kò ní dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á pè, á ní, "Mo ti kà á lórí ìkànnì pé kí n fa ẹ̀gẹ́ náà tu, mo sì ti fà á. Níbo ni mo ti lè rí igi tó mọ́ rà ní Ṣakí?" Bí èsì ìyẹn kò bá tíì sí níbẹ̀, òun ni ojú ewé tí ẹ máa kọ lálẹ́ ọjọ́ náà.